Ọmọ ọdún 5 tó dàgbà lọ́dọ̀ adití: ṣé ó ṣì lè sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè láti Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé mi wá. Ọmọ náà lé díẹ̀ ní ọdún kan nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ sì lọ wá iṣẹ́ ṣe ní Èkó. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ní abà kan lẹ́yìn Ìkéré. Adití ni ìyá àgbà náà; kò gbọ́ràn, kì í sì í fọhùn. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n jọ ń gbé, àyàfi ní ọjọ́ tí àwọn oníṣòwò bá wá ra iṣu. Ọmọ ti pé ọdún 5 báyìí. Nígbà tí mo gbé e wá sílé ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: omi, usu, ajá àti "ó tì". Gbogbo ìyókù, ọwọ́ ló fi ń ṣe é. Ọkọ mi ní kò gbọdọ̀ fojú kan ìyá àgbà mọ́, kí ó lè gbàgbé ọwọ́. Àwọn ará ilé ní kí a gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Tíṣà tí a mú un lọ bá ní Òyìnbó nìkan ni kí a máa sọ sí i. Èmi sì kà nípa ọmọbìnrin kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tì mọ́lé, tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ títí láé. Ṣé ẹ̀pa kò bóró mọ́ ni?

* * *

Tíṣà Àgbà

Ẹ̀pa ṣì bóró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbé ọmọ náà lọ fún àyẹ̀wò etí ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, ní ilé-ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ rẹ̀. Àìgbọ́ràn a máa rìn nínú ẹbí, nítorí náà, nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ ti jẹ́ adití, ẹ kò lè fi ojú lásán pinnu pé ọmọ náà gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó mọ̀ yẹn kò tó ẹ̀rí, nítorí pé ọmọ tó ń gbọ́ díẹ̀ lè rí irú wọn mú lẹ́nu àwọn tó wá ra iṣu. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó wá ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún 22 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ adití, mo sì ti rí èyí tó máa ń yíjú padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, tó jẹ́ pé òjìji ọwọ́ lára ògiri ló ń rí.

Ní ti okùn ahọ́n, ọmọ tó bá lè na ahọ́n kọjá ètè, tó lè lá ọbẹ̀ ní ìka rẹ̀, tó sì pe "usu" tí ẹ gbọ́, ahọ́n kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. N kò sọ pé okùn náà kò sí o. Ó wà, a sì máa yọ ọmọ ọwọ́ lẹ́nu tó bá fẹ́ mu ọmú. Ṣùgbọ́n ẹni tí okùn ahọ́n dè ń sọ̀rọ̀. Pípè rẹ̀ ni ó lè má já gaara. Kò sí okùn kan lábẹ́ ahọ́n tó ń gba gbólóhùn lọ́wọ́ ọmọ.

* * *

Tíṣà Àgbà, lórí ọmọbìnrin Amẹ́ríkà náà

Genie ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1970 ni ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ní agbègbè Los Angeles, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 13. Láti ìgbà tí kò tíì pé ọdún méjì ni bàbá rẹ̀ ti tì í mọ́ yàrá kan, tí ó ń dè é mọ́ àga tí àwọn ọmọdé fi ń yàgbẹ́, tí ó sì ń nà án bí ó bá fọhùn. Onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Susan Curtiss bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ọ̀rọ̀ wọlé sí ọmọ náà lórí: ó mọ orúkọ nǹkan, ó mọ àwọ̀, ó sì lè sọ nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ sí i sẹ́yìn. Ohun tí kò wọlé ni bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn kí ó lè di gbólóhùn.

Kí ẹni tó ń kà á lè mọ ohun tí mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọkùnrin adití kan wọ kíláàsì mi ní ọmọ ọdún 11. Oko ni ó ti ń bọ̀, kò sì mọ àmì kankan ju èyí tó fi ń béèrè oúnjẹ àti èyí tó fi ń pe ajá lọ. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti mọ àmì tó lé ní 100, inú gbogbo wa sì ń dùn. Mo wá ya àwòrán méjì sójú pátákó. Nínú èkíní, obìnrin ń na ewúrẹ́. Nínú èkejì, ewúrẹ́ ń kan obìnrin náà. Mo ní kí ó ṣàlàyé wọn fún mi. Ó ṣe àmì obìnrin, ó ṣe ti ewúrẹ́, ó ṣe ti lílù. Nígbà tí a dé orí èkejì, àwọn àmì mẹ́ta yẹn náà ni ó tún tò, ó sì ń wo ojú mi bóyá mo ti gbọ́ ọ yé. Lọ́jọ́ kejì ó yí ìtò wọn padà, fún àwòrán méjèèjì. Ọdún mẹ́ta ni a fi wà lórí ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí, kò sì dá a lójú títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ mi. Adití ni ọmọ ọdún 6 tó jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ adití ti ń fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó wà lórí ẹní. Òun kò ṣì í rí.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹlòmíràn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tiyín ju ti Genie lọ, tí àwọn ènìyàn kì í sì í sábà mẹ́nu kàn. Ní 1938, wọ́n rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n pè ní Isabelle ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó ti lé ní ọdún 6. Adití tí kì í fọhùn ni ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ẹbí sì tì mọ́ yàrá òkùnkùn nítorí pé ìyá náà kò lọ́kọ nígbà tó bí i. Nígbà tí ọmọ náà jáde, ìró kan báyìí bí ìgbà tí ọ̀fun bá gbẹ ni ó ń ṣe, ọwọ́ ni òun àti ìyá rẹ̀ sì fi ń gbọ́ ara wọn yé. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ́kọ́ rò pé adití ni òun náà, àwọn kan tilẹ̀ ní kò ní ọpọlọ tí a lè kọ́. Wọ́n dìde sí i lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí ó kọ́kọ́ fọhùn, ó ti ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 9, ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì wọ ilé-ìwé bí ọmọ ẹlòmíràn.

Ọdún 6 ni Isabelle jáde. Ọdún 13 ni Genie jáde. Ìyá Isabelle kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ dá a lóhùn. Genie kò ní ẹnì kan tó ń dá a lóhùn.

* * *

Tíṣà Àgbà, fún àwọn tó ta kò mí

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹni tó kọ̀wé láti Ìjerò ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé ọdún 5 ti pọ̀ jù. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé kò sí ìgbà tí ènìyàn kò lè kọ́ èdè, nítorí pé òun kọ́ Haúsá ní ọmọ ọdún 40 nígbà tí òun ń ṣe àgùnbánirọ̀... tàbí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí náà kò bá àgùnbánirọ̀ mu lójú mi. Ẹnì kẹta gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìkookò tọ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkookò, kí a lè tètè kúrò níbẹ̀. Ní 1920, pásítọ̀ kan ní Midnapore ní Íńdíà ní òun mú ọmọbìnrin méjì, Amala àti Kamala, nínú ihò ìkookò. Ẹnu òun nìkan ni a ti gbọ́ ọ, àwọn tó padà lọ tú u wò lẹ́yìn náà sì rí i pé ìtàn náà kò dúró. Bákan náà ni ti ọmọkùnrin tí wọ́n rí ní 1996 nínú igbó Falgore ní Kano, tí ìròyìn sọ pé ìnàkí ló tọ́ ọ. Ọmọ tí a kò mọ irú ìlera tó ní kí ó tó dé inú igbó kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún wa.

Ẹni tó kọ́ Haúsá ní àgbà ti ní Yorùbá kí ó tó lọ. Ilé wà tẹ́lẹ̀, yàrá ló fi kún un. Ọmọ tí a ń sọ nípa rẹ̀ kò tíì ní ilé kankan, èyí sì yàtọ̀ pátápátá.

Ní ti ìrókò, òwe náà bá ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n kò sọ ọdún tí ó yẹ kí a pẹ̀ka náà. Onímọ̀ èdè kan, Eric Lenneberg, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1967 pé láti nǹkan bí ọdún 2 títí di ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà ni ọpọlọ ṣí sílẹ̀ fún èdè àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi Genie ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ fífi òun nìkan ṣe é. Bàbá rẹ̀ ti ní láti kékeré pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé irọ́ ni. Wọ́n nà án, ebi pa á. Lẹ́yìn tí owó ìwádìí tán ní 1974, wọ́n ń gbé e láti ilé dé ilé, ní ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n sì ti fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó bì, tí kò fi fẹ́ la ẹnu mọ́. Ta ló lè ya àìgbọ́ èdè sọ́tọ̀ kúrò nínú gbogbo ìyẹn?

Ẹ̀rí tí mo gbà ni ti Romania. Nígbà tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní 1989, ayé rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ nínú àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n ní ibùsùn, wọ́n ní oúnjẹ, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ti tẹ̀ lé ọmọ 136 ní Bucharest, tí wọ́n fi ìbò mú ìdajì wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí alágbàtọ́. Àwọn tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé oṣù 15 ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ inú ilé lẹ́yìn náà. Àwọn tó dé lẹ́yìn oṣù 24 ṣì wà lẹ́yìn gan-an nígbà tí wọ́n fi máa lé ní ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni Ìjerò jàre dé ààyè kan: ọjọ́ tó ń lọ ń mú nǹkan lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀kùn tí wọ́n tì gbàgà. Ó dà bí iṣu. Ẹni tó gbìn ín lásìkò yóò wa iṣu ńlá, ẹni tó pẹ́ yóò wa kékeré, ẹni tó dúró títí òjò fi lọ ni kò ní bá nǹkan nínú ebè.

* * *

Tíṣà Àgbà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́

Ẹnì kan béèrè pé bí a bá fi ọmọ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀, ṣé èdè Yorùbá ni kò ní sọ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Èdè kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀. Herodotus, òpìtàn Gíríìsì ayé àtijọ́, kọ ọ́ pé Psammetichus ọba Íjíbítì fi ọmọ ọwọ́ méjì sọ́dọ̀ darandaran kan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọhùn níwájú wọn, kí òun lè mọ èdè tó kọ́kọ́ dáyé. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ọmọ ń ké "bekos", èyí tó túmọ̀ sí búrẹ́dì ní èdè àwọn ará Phrygia, ọba sì gbà pé àwọn yẹn ló ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí ní Èkìtì mọ ẹni tó kọ́ wọn ní "be-e-e" yẹn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ti òdodo dùn ju ti ọba lọ. Ní Nicaragua, wọ́n ṣí ilé-ìwé kan fún àwọn ọmọ adití ní Managua ní 1977. Ẹnu ni àwọn tíṣà fẹ́ kí wọ́n fi sọ̀rọ̀, ìyẹn kò sì gbà. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà àti nínú ọkọ̀, oníkálukú mú ọwọ́ tó fi ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ wá, wọ́n dà á pọ̀. Àwọn kékeré tó dé lẹ́yìn ni wọ́n wá fi gírámà sí i, ìyẹn ẹni tó ṣe é, ẹni tí wọ́n ṣe é sí, ibi tí wọ́n ti ṣe é. Títí di òní, àwọn àgbà inú wọn kò lè ṣe é tó àwọn kékeré. Kò sí tíṣà kan tó kọ́ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè dá èdè sílẹ̀. Àwọn ọmọ púpọ̀ lè dá a.

* * *

Tíṣà Àgbà, fún ẹni tó ní kí wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n fún un

Ẹ má rà á nítorí èyí. Ní 2003, onímọ̀ kan, Patricia Kuhl, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ oṣù 9, wọ́n ní kí ọmọ Ṣáínà máa bá àwọn kan ṣeré, kí ó sì máa sọ èdè Ṣáínà sí wọn, fún ìgbà 12. Wọ́n fi fídíò àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn gan-an han àwọn ọmọ mìíràn. Àwọn tó rí ènìyàn lójúkojú mọ ìró èdè náà yàtọ̀. Àwọn tó wo fídíò kò mú nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i ní tiwa, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó pọn ọmọ ní Ọjà Ọba ní Adó. Oníbàárà ní, "Àjíkẹ́, ìyá rẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ o," ọmọ yí ojú sí i, ìyá dáhùn lórúkọ ọmọ pé, "Sọ fún un pé a kò rẹ́ni jẹ." Ọmọ kò tíì mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé bí ẹnì kan bá sọ, ẹnì kejì á fèsì, àti pé òun wà nínú rẹ̀. Fóònù kì í yíjú síni.

* * *

Tíṣà Àgbà, lórí ọ̀rọ̀ ọkọ yín

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi jù, nítorí pé mo ti ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ní ilé-ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a máa ń ní kí àwọn ọmọ adití jókòó lé ọwọ́ wọn kí wọ́n lè fi ẹnu sọ̀rọ̀. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Andrew Foster, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Accra láti 1957, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1960 pẹ̀lú èdè ọwọ́. Kì í ṣe pé a kò rí àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin kan wà tó lè pe "Ẹ káàárọ̀ sà" ketekete, a sì máa ń pè é jáde bí àlejò bá dé. Ọmọ ọdún 12 ni, ohun tó sì lè sọ kò ju ìyẹn lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọn kọjá, mo rí i tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìtàn ni wọ́n ń pa. Ẹni "Ẹ káàárọ̀ sà" wà láàárín wọn, òun ló ń pa á, èmi tíṣà rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ọwọ́ kì í lé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Onímọ̀ kan, Susan Goldin-Meadow, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ọmọ adití tí àwọn òbí wọn kò mọ èdè ọwọ́, ó sì rí i pé àwọn ọmọ náà ń to ọwọ́ tí wọ́n fúnra wọn hùmọ̀ ní ọ̀nà tó ní ìlànà. Ohun tí ọmọ yín kó bọ̀ láti abà nìyẹn. Bí ó bá na ọwọ́ sí omi, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún un ní gbólóhùn pé, "O fẹ́ mu omi," kí ẹ sì fún un. Itard, dókítà tó gba Victor tí wọ́n rí nínú igbó Aveyron ní Faransé ní 1800, fi wàrà sẹ́yìn títí ọmọ náà yóò fi pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí wàrà bá ti wà nínú ife tán ni Victor máa ń pè é, bí ẹni ń fi ayọ̀ kọrin. Kò fi béèrè rí bó ṣe yẹ. Ẹ má fi oúnjẹ dá ọmọ lóró nítorí ọ̀rọ̀.

Ẹ má sì gba ìyá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yẹn nìkan ló ti ń dá a lóhùn láti ọdún mẹ́ta ó lé.

* * *

Tíṣà Àgbà, ní ṣókí lórí Òyìnbó

Èdè tí gbogbo ilé ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́ ni kí ẹ máa sọ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò kẹ́yìn, nínú Òyìnbó pàápàá. Bí ó bá pe iṣu ní "usu", tí ó pe ilé ní "ulé", kí tíṣà má nà án. Ó fi hàn pé etí rẹ̀ mú ohun tí àwọn ará Ìkéré sọ.

* * *

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin

A ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ó gbọ́ràn ní etí méjèèjì. Okùn ahọ́n, wọn kò rí nǹkan tí wọ́n máa gé. Ọkọ mi kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí abà ní gbogbo Sátidé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bá ìyá àgbà níbi tó ti ń kó èèpo jọ, inú ń bí i, ó ń fọwọ́ ṣàlàyé, a kò mọ ohun tó ń wí. Ọmọ wò ó tán, ó yíjú sí wa, ó ní, "Ewúrẹ́ jẹ usu màmá." Òótọ́ ni, a lọ wo ẹ̀yìn ahéré, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ dé ìdí.

* * *

Tíṣà Àgbà

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ewúrẹ́ ló ṣáájú, usu tẹ̀ lé e, ó sì mọ ẹni tó ni usu. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé bó ṣe rí i ló tò ó. Lọ́la, nígbà tí ẹ bá ń gún iyán, ẹ sọ fún un lójijì pé usu jẹ ewúrẹ́, kí ojú yín má yí padà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá kọ ọ́ síbí fún mi.